Kí Ayé Má Nàka sí Ọmọ Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Dókítà ní kí n máa sọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹnì kan máa bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí iyè mi má bàa máa rá. Mo ní iyè mi kò ṣe nǹkan kan. Ó bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Mo ní kí ló ṣe kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri rẹ̀? Kò rẹ́rìn-ín.

Ìwé náà rè é. Èmi ò mọ̀wé. Pákápáká ló ń kọ ọ́. Àyálégbé wa ni, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Ó fi ẹ̀rọ tẹ̀wé fún àwọn lọ́yà títí ìka rẹ̀ fi wọ́. Ìró ẹ̀rọ yẹn ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti tẹ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ àwọn èèyàn ńlá, kò sì sọ ọ́ létí ẹnì kankan. Ohun tí mo fi yàn án nìyẹn. Mo kìlọ̀ fún un: bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi lọ́fínńdà wọ́n ọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n kọ ìyẹn náà?" Mo ní kọ ọ́.

Ilé ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé. Mò ń pè é ní Òtútù — kì í ṣe lójú rẹ̀. Ó ń kọ́ni ní yunifásítì, ó sì ń ṣe ìwádìí. Á mú nǹkan líle kan, tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà, tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè nínú iná ìléru, á kì í bọ inú ohun èlò, á sọ ọ́ di tútù. Tútù tí yìnyín á fi dà bí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá ti tutù dé ibì kan, iná mànàmáná á máa gba inú rẹ̀ kọjá, kò ní dín, kò ní gbóná. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn, ó sì pẹ́ kó tó yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Lónìí ó wọlé, kò kí mi. Ó jókòó sílé ìdáná tòun ti bàtà. Ó ní wọ́n ti dá ọjọ́. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ òun. Bóyá kí wọ́n sọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n, bóyá kí òun kó ẹrù òun kúrò ní òpin oṣù. Kò sí àárín. Wọ́n ti ń sún un síwájú fún un tipẹ́. Wọn ò ní sún un mọ́.

Ó dìde, ó lọ sùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Oòrùn ò tíì wọ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo bi í pé kí ló kù tí wọn ò fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní ìtọ́ka.

Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ní tí ẹnì kan níbikíbi láyé bá ń kọ iṣẹ́ tirẹ̀, tó dé ibi tí iṣẹ́ òun ti kàn án, á dárúkọ òun síbẹ̀. Á tọ́ka sí òun. Wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tó bá pọ̀, o jẹ́ èèyàn. Tí kò bá pọ̀, ò ń tan ara rẹ.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n á nàka sí ọ."

Ó ní, "Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ìwọ sì fẹ́ kí wọ́n nàka sí ọ?"

"Òun ni mo fi ń jẹun, Màmá."

Pákápáká, kọ èyí dáadáa. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà nínú mi ni mo ti ń gba àdúrà kan fún un ní àràárọ̀. Mi ò tọrọ ọlà. Mi ò tọrọ ọkọ — ó fẹ́ ẹ, ó bí ọmọ fún un, ọkùnrin náà lọ, ó tán. Àdúrà tèmi ni: *kí ayé má nàka sí ọmọ mi.* Nítorí pé wọ́n nàka sí èmi. Bàbá rẹ̀ ti lọ kí ikùn mi tó yọ dáadáa. Tí mo bá ń lọ pọnmi, àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi á panu mọ́, ìka ni wọ́n á máa fi sọ̀rọ̀. Mo mọ bí ìka ṣe ń gúnni lẹ́yìn.

Mo gbà á títí. Kò sí òwúrọ̀ tí mo fò.

Ó gbà. Kò sẹ́ni tó nàka sí i.

Pákápáká rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó kọ ẹ̀rín náà síbẹ̀.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọ̀ọ́dúnrún ìtọ́ka ni wọ́n ń béèrè. Igba ó lé méjìlá ló ní. Ó ń wo iye náà lórí fóònù kó tó fọ ẹnu.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọmọ-ọmọ mi pè láti ìlú tó ti ń kàwé. "Màmá Àgbà, ẹ bá mi wo Mọ́mì o. Ohùn wọn ò dùn." Mo ní mò ń wò ó, kí ni kí n tún fi ojú mi ṣe?

Òun ló là mí lóye pé ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́ka yìí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n: tọ́ka sí mi, kí n tọ́ka sí ọ. Àwọn mìíràn ń pàṣẹ fún àwọn tí wọ́n ń kọ́ pé orúkọ ọ̀gá gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ. Àwọn kan ń tọ́ka sí ara wọn.

Mo ní, "Sí ara wọn bí i ti báwo?"

"Wọ́n á kọ ìwé tuntun, wọ́n á ní kí ẹ lọ wo ìwé wọn àtijọ́."

Níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá ń nàka sí ara rẹ̀ láàárín títì, a máa ń dì í lókùn ni. Mo bi Òtútù bóyá òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ti dá òun nímọ̀ràn rẹ̀. Ọ̀gá náà ni mò ń pè ní Ojú Mẹ́rin — awò méjì ló ní, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, kò sì sígbà tí kì í wá ọ̀kan nínú wọn. Òun ló máa jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà. Ó ní, "Madam, ẹ̀ ń tijú jù. Ẹ máa ju orúkọ ara yín sínú ìwé bí ìgbà téèyàn ń fún irúgbìn."

Kò ṣe é. Ọmọ tí mo kọ́ pé kó má jẹ́ kí wọ́n nàka sí òun, báwo ló ṣe máa wá na tirẹ̀?


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé. Òun tó ń gbé e sùn. Mo wọ ọkọ̀ lọ gbé e fún un.

Láàbù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé, kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ kan ń hó bí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Tábìlì, wáyà, wáyà, wáyà. Téèpù ni wọ́n fi lẹ gbogbo nǹkan mọ́ gbogbo nǹkan. Láàárín rẹ̀, ìkòkò irin gígùn kan, èéfín funfun ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ — kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń wá. Mo na ọwọ́. Òtútù pariwo mọ́ mi. Ó ní òtútù yẹn á bó awọ mi bí omi gbígbóná.

Ó fi nǹkan náà hàn mí nínú àwo gíláàsì kékeré. Dúdú, kò tó èékánná ọmọ tuntun. Ó ní èyí tí òun ṣe lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn rè é, èyí tí òun kọ ìwé lé lórí. Ó ní òun jẹ́ kí iná kọjá nínú rẹ̀ láìdín níbi tí kò tutù tó ti àwọn ẹlòmíràn. Ìwé yẹn ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́ka òun. Bó ṣe ń wò ó — mi ò rí kó wo èèyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí mò ń jáde, mo pàdé Ojú Mẹ́rin lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó tẹ̀ ba. Ó ní, "Màmá, ọmọ yín dáa. Nọ́ńbà rẹ̀ ni kò dáa."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ka iṣẹ́ rẹ̀?"

Ó ní, "A ti kà á, Màmá. Igba ó lé méjìlá."

Mo wọ ọkọ̀ padà. Kíkà kan ni mo béèrè, kíkà mìíràn ló fi dá mi lóhùn. Mo rò ó títí mo fi sọ̀ kọjá ibùdókọ̀ wa.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kò jẹun.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Kò jẹun. Ó mu tíì. Pákápáká ní kí n sọ pé ó mu tíì, kí ọ̀rọ̀ má bàa burú jù. Kí ló kàn án?


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo gbọ́ mọ́tò rẹ̀ nígbà tó dé. Mi ò gbọ́ ilẹ̀kùn. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì mò ń wò ó. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó di ọwọ́ mọ́ ìdarí bí ẹni tó ṣì ń wakọ̀ lọ síbì kan. Ẹ̀rọ ti kú. Oúnjẹ tí mo gbé kaná hó, ó jinná, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tutù, ọmọ mi kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

Mo lọ kan gíláàsì mọ́tò náà. Mo ní, "Ṣé inú ibẹ̀ lo máa sùn?"

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Mo ní sinmi nínú ilé.

Ó wọlé. Ó ní ká ní òun ti mọ̀, òun ì bá ti ṣí ilé ìdirun. Ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun fi wá nǹkan kan, ẹni mélòó ló mọ̀ pé òun wà? Ó ní tí òun bá kúrò láyé lọ́la, ẹ̀rọ tó ń ro ìtọ́ka kò ní mọ̀. Nọ́ńbà náà á kàn dúró síbẹ̀.

Nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀, mo kó gbogbo oògùn inú ilé yìí, tirẹ̀, tèmi, ti orí fífọ́, ti oorun, mo kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó jáde, ó rí kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣófo. Ó wò mí. Mo wò ó.




Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Nǹkan ṣẹlẹ̀. Igba ó lé ọgbọ̀n.

Ó ní bóyá ẹ̀rọ ló ṣi í rò.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀tàlénígba. Ẹ̀rọ ò ṣi nǹkan kan rò! Ó jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró, ó ń jẹ, ó ń wo fóònù, ẹ̀rúnrún ń já sára aṣọ. Ó ní nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ayé òtútù, gbogbo wọn ló ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ òun lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń sùn!

Mo ní ṣé o ti wo ohun tí wọ́n kọ. Ó ní òun máa wò ó tí kíláàsì bá parí.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kàndínlógún.

Kí n má parọ́: mo jó. Orúnkún mi méjèèjì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, mo jó nílé ìdáná, Pákápáká ń pàtẹ́wọ́. Òtútù wẹ̀, ó fọ irun, ó wọ búláòsì aláwọ̀ ewé tí mo ti rò pé kòkòrò ti jẹ. Ojú Mẹ́rin fúnra rẹ̀ pè é. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ọ̀jọ̀gbọ́n! Mo sọ fún yín!" Kò sọ nǹkan kan fún ẹnì kankan. Ẹni tí kò bá wa gbin, òun ló ń bá wa kórè.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó àwọn oògùn padà. Nǹkan kan ní kí n ní sùúrù.


Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ó ti wo ohun tí wọ́n kọ.

Obìnrin kan wà lókè òkun, òun náà ń ṣe iṣẹ́ òtútù. Mo ti fún un lórúkọ: Aláìrí. Aláìrí mú ìwé ọmọ mi, ó se nǹkan dúdú náà bí ọmọ mi ṣe sè é, ó mú un tutù bó ṣe mú un tutù. Kò rí nǹkan tí ọmọ mi rí. Ó tún un ṣe. Kò rí i. Ó kọ ọ́ pé òun ò rí i. Ni àwọn ìyókù bá bẹ̀rẹ̀: àwa náà ò rí i, àwa náà ò rí i. Gbogbo ẹni tó bá sì wí pé òun ò rí i, ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ní òun rí i. Á dárúkọ rẹ̀. Á tọ́ka sí i.

Ẹ̀rọ náà ò mọ̀yàtọ̀. "Obìnrin yìí là wá lójú" — ọ̀kan. "Obìnrin yìí ṣì wá lọ́nà" — ọ̀kan.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti fíríìjì. Ó ní, "Màmá, láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń kà á. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á. Mi ò kà á."

Mo ronú kan ìka. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ti dé. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n sì ń sọ èdè òyìnbó.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò wálé. Ó pè pé òun wà ní láàbù. Mo ní kí ẹ̀rọ oníkọ́ náà máa hó sí mi létí kí n lè mọ̀ pé ibẹ̀ lo wà lóòótọ́. Ó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ó ń hó.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ó wálé. Ó ti rí i.

Màá sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Tẹmómítà kan ń bẹ nínú ìkòkò náà tó ń sọ bí nǹkan dúdú yẹn ṣe tutù tó. Gúlù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára kí àwọn méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan. Òtútù inú ìkòkò yẹn ti la gúlù náà. Kò hàn, ìgbà tó fi awò ńlá wò ó ló rí ìlà kan bí irun. Tẹmómítà ò fara kan nǹkan náà mọ́. Nǹkan náà ti tutù gan-an. Tẹmómítà tó wà lókèèrè ń sọ pé kò tíì tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi gba tẹmómítà gbọ́. Ohun tó rí, gbogbo ayé ti rí i rí. Kò sí tuntun níbẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án. Gúlù.

Mo ní, "Ta ló tún mọ̀?"

Ó ní òun nìkan.

Mo ní, "Ó dáa. Panu mọ́."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

Mo ní, "Kí lò ń wò? Ọjọ́ Ajé nìgbìmọ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ní àwọn ń wá, nọ́ńbà ti dé. Ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n má kàwé. Gba ohun tí wọ́n bá fún ọ. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, kó o sọ fún wọn pé gúlù là."

Ó ní, "Màmá, irọ́ ni."

Mo ní irọ́ wo? Ta lo purọ́ fún? Ìwọ panu mọ́ ni mo sọ, mi ò ní kó o la ẹnu purọ́. Mo tún ní ṣé o rò pé ẹ̀yin mélòó ni gúlù yín ò là. Mo ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, ibo ló máa lọ? Ta ló máa gba arúgbó tó mọ òtútù? Mo ní ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí oyè lọ́sẹ̀ tó kọjá, oyè wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí oyè máa lọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí wọ́n má nàka sí mi."

Mo ní, "Wọ́n ti ń nà án! Ọ̀ọ́dúnrún ó lé!"

Ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò gbá a. Ká ní ó gbá a, ì bá sàn.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde pé òun fà á padà. Ó kọ̀wé sí Aláìrí pẹ̀lú, ó ní, ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ, gúlù ni.

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ lónìí. Òun náà ò bá mi sọ̀rọ̀. Pákápáká ń rìn láàárín àwa méjèèjì bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìgbìmọ̀ jókòó. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà tó dé, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

Wọ́n tó mẹ́jọ yí tábìlì ká. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó dìde. Ó ní, "Ìwé mi tó ní ìtọ́ka tó pọ̀ jù, àṣìṣe ni. Mo ti rí ibi tí àṣìṣe náà wà. Mo ti fà á padà."

Ojú Mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò rẹ̀. Orí rẹ̀ ló wà.

Ọ̀kan nínú wọn wá bi í pé, "Àwọn ìtọ́ka yẹn, ṣé wọ́n máa yọ wọ́n kúrò nínú iye?"

Ó ní rárá, wọn kì í yọ ọ́.

Ọkùnrin náà ní, "Á, ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ṣí ojú ewé tó kàn.

Ọmọ mi ní òun dúró síbẹ̀, òun rò pé bóyá òun ò sọ ọ́ sókè tó. Òun tún un sọ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Mo fi ọgbọ̀n ọdún fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn. Lálaalẹ́ ẹnì kan á wá ka aṣọ ibùsùn. Ẹni tó ń ka aṣọ kì í wo àbàwọ́n. Iye ló bá wá.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kò sí ìròyìn. Ó ń jẹun díẹ̀. Irun ń já lórí rẹ̀, mò ń gbá a nílẹ̀ kó má bàa rí i.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó kà á fún mi lórí fóònù rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti gbé ipa iṣẹ́ rẹ lágbàáyé yẹ̀ wò, pàápàá bí ìtọ́ka sí i ṣe pọ̀ sí i lẹ́nu àìpẹ́ yìí. A bá ọ yọ̀.

Kí n má parọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ti ń pariwo kí n tó rí ojú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn — obìnrin kan ní wọ́ọ̀dù ló rín in, nígbà tí wọ́n gbé ọmọ ẹlòmíràn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di nǹkan mìíràn. Ó ní, "Màmá, mo sọ fún wọn. Ẹnu mi ni mo fi sọ fún wọn. Mo dúró níwájú wọn."

Ó ní tí òun bá ṣe òótọ́, nọ́ńbà kan náà. Tí òun bá ṣe irọ́, nọ́ńbà kan náà. Ó ní kí wá ni iṣẹ́ òun?

Mo mọ iye kà, mi ò mọ ìwé kà. Ìtìjú mi nìyẹn láti kékeré. Mi ò mọ̀ pé irú mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì.

Mo jókòó tì í. Ìgbà tó sùn, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àwọn oògùn náà pé.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Ó jáde kí n tó jí. Ó padà ní ọ̀sán pẹ̀lú páálí méjì tó ti rin.

Ó ti dá oyè náà padà.

Ó ní Ojú Mẹ́rin kò kọ́kọ́ gbọ́ èdè náà. Ó ní, "Ẹ dá kí ni padà?" Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó tún un pa. Ó ní, "Madam, kò sẹ́ni tó dá a padà rí. A ò ní fọ́ọ̀mù fún un." Ọmọ mi ní kó fún òun ní pépà lásán. Ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Ojú Mẹ́rin ní tí kò bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, òní ni ọjọ́ rẹ̀ pé. Ó ní òun mọ̀.

Ó tán. Kò níṣẹ́. Ife tíì kan, kóòtù funfun, àwo gíláàsì kékeré yẹn tòun ti nǹkan dúdú inú rẹ̀, tẹmómítà náà. Ìwọ̀nyí ló wà nínú páálí. Mo bi í pé ibo ló kù. Ó ní òun ò mọ̀.

Mo fẹ́ sọ pé ṣé o rí i. Ó wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Ìwé ọ̀hún dà?"

"Èwo?"

"Èyí tí gbogbo wọn ń nàka sí."

Ó wà nísàlẹ̀ páálí. Ewé mẹ́rin péré! Mo rò pé ó tó Bíbélì. Mo ní, "Kà á fún mi."

Ó ní, "Màmá, ẹ ò lè gbọ́ ọ. Àṣìṣe ló sì wà níbẹ̀."

Mo ní, "Mo ti gbọ́. Má kà á bí wọ́n ṣe kà á. Kà á."

Ó kà á. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó ń kọsẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀. Òjò ń rọ̀. Pákápáká fi kálàmù sílẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ò yé mi, ìdajì kejì nìkan ni mo gbọ́, ìyẹn náà ò yé mi. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Nígbà tó dé ojú ewé kẹta, ó dúró. Ó ní, "Ibí ni, Màmá. Ibi tí mo ti kọ ọ́ pé tẹmómítà fara kan án. Ibí yìí ni."

Mo ní, "Mo ti rí i. Kà á lọ."

Ó kà á tán. Ó ní yàtọ̀ sí Aláìrí, bóyá èmi nìkan ló gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ó ní ebi ń pa òun.

Ó ń jẹun báyìí. Mò ń gbọ́ ṣíbí. Mi ò tíì kó àwọn oògùn padà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀la ṣì wà.

Pákápáká, ó ku ọ̀kan, kọ ọ́ kí n tó lọ dùbúlẹ̀. Ọlọ́run, àdúrà tí mò ń gbà ní àràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti lóyún ọmọ yìí, ìtìjú ló gbà á lẹ́nu mi. Bí òun ṣe fa tirẹ̀ padà, èmi náà fa tèmi padà. Kí wọ́n nàka sí i. Lókè òkun, ní títì, nídìí ẹ̀rọ omi. Kí wọ́n ní, obìnrin tó ń lọ yẹn, òun ló dìde níwájú wọn tó ní òun ṣe àṣìṣe. Kí ìka wọn má rẹ̀ wọ́n.

Kí ayé nàka sí ọmọ mi.

Fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.